Nọ́ńbà Mẹ́rìndínlógún àti Ẹyin Òpìpì Mi

Adìẹ òpìpì ni ìyá mi fà lé mi lọ́wọ́ nígbà tí mo ń lọ sílé ọkọ, abo méjì àti akọ kan nínú àgò. Ọ̀nà Ìjàyè ni wọ́n ti bí mi. Abúlé tí mo fẹ́ ọkọ sí wà lẹ́yìn Lálúpọn, ọ̀nà náà sì jìn nígbà yẹn ju bó ṣe jìn lónìí lọ, nítorí ẹsẹ̀ la fi rin èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Àwọn tó ń sìn mí lọ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìyàwó tó gbé adìẹ dání, ó ti mọ̀ pé oúnjẹ ilé ọkọ òun kò ní lẹ́ran.

Ẹni tí kò bá mọ òpìpì, adìẹ tí ìyẹ́ kì í kún apá rẹ̀ ni. Kò lè fò, nítorí náà kì í sùn lórí igi, kì í sì í bá ẹnikẹ́ni jà lórí àgbàdo tí wọ́n sá sórí òrùlé. Ooru ẹ̀ẹ̀rùn kì í tètè mú un. Bó bá sàba, ó di kó pa ọmọ kó tó dìde. Ìyá mi ní ọwọ́ ìyá òun lòun ti gbà á, n kò sì mọ ẹni tí ìyá ìyá mi gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. N kò fi í ṣòwò rí. Bí àlejò bá dé, a pa ọ̀kan. Bí ẹnìkan bá bímọ, mo mú ọ̀kan lọ kí i. Àwọn ọmọ mi obìnrin náà mú u dání nígbà tí wọ́n ń lọ sílé ọkọ, ṣùgbọ́n ìlú ńlá ni wọ́n lọ, ilé alájà ni wọ́n ń gbé, adìẹ kò ráyè níbẹ̀. Bó ṣe di pé ọ̀dọ̀ mi nìkan ló kù sí nìyẹn.

Ní ọyẹ́ kan báyìí, kò tí ì pẹ́, lúkúlúkú wọ abúlé wa. Ẹni tó ń sin adìẹ mọ̀ ọ́n. Adìẹ yóò kọ́kọ́ dorí kodò, ìgbẹ́ rẹ̀ yóò dàbí ewé tí a gún, ọrùn rẹ̀ yóò lọ́, ilẹ̀ kì í sì í mọ́ bá a. Kò fi ilé kankan sílẹ̀. A ń gbá wọn jọ pẹ̀lú ṣọ́bìrì, a ń sun wọ́n níná. Nínú ilé tiwa, gbogbo òpìpì mi kú, akọ àti abo.

Ohun tó ṣẹ́ kù ni ẹyin. Ṣáájú kí àrùn náà tó dé ni mo ti ń ṣa á sínú igbá tí mo fi ìyàngbò tẹ́, nítorí mo fẹ́ kí abo kan sàba lé wọn pọ̀ kí àwọn ọmọ lè jẹ́ ẹgbẹ́. Mo gbé igbá náà sí kọ̀rọ̀ yàrá tí ilẹ̀ rẹ̀ tutù. Ẹyin wà, adìẹ tí yóò sàba lé e kò sí, kò sí nínú ilé wa, kò sì sí nínú abúlé tí a lè yá.

Ìyáálé mi wo igbá náà. Àwa méjèèjì la kù nínú ilé lẹ́yìn tí ọkọ wa ti kú; mo ti darúgbó tí mo ní ọmọ-ọmọ, ìyàwó ló ṣì ń pè mí. Ó ní kí n jẹ́ ká din ín kó tó bàjẹ́. Nígbà tó rí i pé mo gbé igbá náà mọ́ra, ó ní, "Ìyàwó, ó di kí ìwọ fúnra rẹ jókòó lé e."

Mo ní bí mo bá jókòó lé e, ta ni yóò gbé mi dìde?

Mo pe àbíkẹ́yìn mi. Moniya ló ń gbé, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló ń ṣe níbẹ̀ nínú yàrá rẹ̀. Mo ti béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà ohun tí iṣẹ́ náà jẹ́ gan-an. Ó ní ètò kan wà nínú ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan tó máa ń jí ṣáájú gbogbo ètò yòókù, òun ló ń pín àyè àti iṣẹ́ fún wọn bí baálé ṣe ń pín ilẹ̀ oko. Ó ní òun àti àwọn ènìyàn tí òun kò fojú rí rí, káàkiri ayé, ni wọ́n jọ ń ṣe ìtọ́jú baálé yìí. Ẹni tó bá rí ibi tí òrùlé baálé ti jò a mú ewé tirẹ̀ wá, àwọn àgbà ibẹ̀ a wò ó bóyá kí wọ́n fi bò ó tàbí kí wọ́n dá a padà. Mo ní ṣé ọ̀wẹ̀ ni. Ó ní ọ̀wẹ̀ ni. Láti ọjọ́ yẹn ni n kò ti béèrè mọ́, nítorí mo mọ ọ̀wẹ̀.

Ọmọ yìí ló ti kan àpótí kan lọ́dún tó ṣáájú, ó gbé e wá sílé, ó ní yóò máa sàba fún mi. Pákó ni, ó fi fóòmù tẹ́ inú rẹ̀, ó fi dígí kékeré sí ìdérí rẹ̀. Gílóòbù kan wà nínú rẹ̀ tó ń mú un gbóná, abọ́ omi kan wà, ohun tó ń wọn ooru wà, ó sì yọ pátákó kékeré kan láti inú ẹ̀rọ íńtánẹ́ẹ̀tì àlòkù tí ilé iṣẹ́ kan ti jù nù, ìyẹn ni ọpọlọ rẹ̀. Sólà ló ń fún un níná. A fi ṣe ẹ̀rín. Ìyáálé mi sọ ọ́ ní Abiyamọ Onípákó, ó máa ń kí i ní òwúrọ̀ pé ó kú ìtọ́jú ọmọ. Èmi fi aṣọ bò ó, mo ń gbé agbọ̀n lé e, nítorí adìẹ mi mọ iṣẹ́ wọn.

Ní ọyẹ́ yìí mo gbé agbọ̀n kúrò lórí rẹ̀.

Ọmọ mi wá, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ to ẹyin náà síbẹ̀. Ó fi bíírò pupa fa ìlà sí ara ohun tó ń wọn ooru, ó ní ibẹ̀ ni kó máa wà. Ó fi iná pupa kékeré kan hàn mí lára àpótí náà: bó bá ń tàn, gílóòbù ń tàn nínú, bó bá kú, ooru ti tó. Mo ń wò ó, tàn, kú, tàn, kú, bí ẹni tó ń mí. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá. Ọmọ mi tún wá, ó tan iná fóònù sí abẹ́ ẹyin kọ̀ọ̀kan nínú òkùnkùn yàrá, ó ní kí n wá wò ó. Mo rí iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ta bí gbòǹgbò nínú rẹ̀, mo sì rí ohun kékeré kan ní àárín tó ń mì. Mo ti sin adìẹ ní gbogbo ayé mi, n kò rí irú rẹ̀ rí, nítorí ní ọ̀dọ̀ wa a kì í ká adìẹ tó ń sàba. Bó bá ti jókòó, ó jókòó. Ẹni tó bá ń gbé e wò lójoojúmọ́, adìẹ náà yóò kọ ẹyin. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ mi.

Lẹ́yìn èyí ni ọmọńlé wọ inú ọpọlọ ẹ̀rọ náà. N kò mọ ohun tó ń wá níbẹ̀, bóyá ooru ló ń wá bíi tiwa. Mo jí bá iná pupa ní kíkú, ó kú, kò tàn mọ́, òórùn kan sì ń jáde. Mo pe ọmọ mi. Èmi àti ìyáálé mi kó ẹyin sínú ìró, a gbé wọn sí ẹ̀gbẹ́ ààrò, a ń yí wọn padà bí ẹni tó ń sun iṣu, ìyáálé mi ń sọ fún wọn pé kí wọ́n má bínú.

Ọmọ mi dé pẹ̀lú ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ń tún ẹ̀rọ ṣe ní Olódò. Wọ́n yọ ọmọńlé náà, ó ti gbẹ. Pátákó náà ti jóná. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ mú òmíràn dání, èyí tó dúdú tó sì kéré ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó ní ọpọlọ tuntun ni, ó yá ju ti àtijọ́ lọ. Ọmọ mi kó ètò tó ti kọ tẹ́lẹ̀ sínú rẹ̀, a sì to ẹyin padà sínú àpótí. Iná pupa tàn. Ara mi balẹ̀. Ó ní nítorí pé àpótí náà ti tutù pátá, yóò pẹ́ kí iná náà tó kú, kí n má ṣe bẹ̀rù. Kí n má sì fa wáyà rẹ̀ yọ, nítorí bí iná bá já mọ́ ọn lójijì, ohun tó kọ sínú rẹ̀ lè bàjẹ́. Wọ́n ní iṣẹ́ tí wọ́n fi sílẹ̀ wá, wọ́n gun ọ̀kadà wọn, wọ́n lọ.

Mo jókòó sí ẹnu ọ̀nà yàrá náà, mo ń ṣa ẹ̀wà. Iná pupa ń tàn. Òtútù òwúrọ̀ ti lọ, oòrùn ọyẹ́ ti ń ta sórí páànù. Iná pupa ṣì ń tàn. Mo ṣa ẹ̀wà náà tán, mo fọ̀ ọ́, mo gbé e kaná. Ìyáálé mi wọ yàrá lọ mú ìgbálẹ̀, ó pẹ́ kó tó jáde.

Ó ní, "Ìyàwó, adìẹ rẹ yìí ní ibà."

Mo ní ọmọ ti sọ pé yóò pẹ́.

"Ọmọ rẹ sọ bẹ́ẹ̀. Ṣé ọwọ́ mi wá ń parọ́ ni?"

Mo wọlé, mo gbé ọwọ́ lé pákó náà. Ó gbóná bí ìdí ìkòkò ẹ̀kọ. Ooru omi ti bo dígí, mo fi ọwọ́ nù ún, kò tán, nítorí inú ló wà. Mo tẹjú mọ́ ọn títí mo fi rí ohun tó ń wọn ooru. Ó ti kọjá ìlà pupa ọmọ mi, ó ń lọ.

Mo pe ọmọ mi. Kò wọlé. Mo jáde lọ sábẹ́ igi máńgòrò, níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń fẹ́ sí wa díẹ̀, mo tún pè é. Obìnrin inú fóònù ń fi Gẹ̀ẹ́sì bá mi sọ̀rọ̀. Mo pè é títí. Mo mọ̀ pé orí ọ̀kadà ló wà, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí i létí. Mo padà sínú yàrá, mo dúró ti àpótí náà. Bí mo bá fa wáyà yọ, mo lè ba ohun tó kọ jẹ́, ẹ̀rọ náà lè má tàn mọ́, òtútù a sì pa àwọn ọmọ inú ẹyin. Bí n kò bá fà á, ooru a sè wọ́n jinná. Bí adìẹ ni, adìẹ yóò dìde fúnra rẹ̀, yóò lọ mu omi, yóò jẹ́ kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí wọn, yóò padà. Kò sẹ́ni tó ń kọ́ adìẹ. Èyí kò ní ojú tí mo lè wò kí n mọ ohun tó ń rò.

Ìyáálé mi dúró lẹ́yìn mi. Ó ní, "Fà á yọ. Ohun tí ọmọ rẹ kọ, yóò tún un kọ. Ta ni yóò tún ẹyin yé?"

Mo fà á. Mo ṣí ìdérí, ooru gba ojú mi. Mo fi ìborùn mi fẹ́ wọn, ìyáálé mi gbé abọ́ omi gbígbóná jáde. Nígbà tí ohun tó ń wọn ooru ti padà sísàlẹ̀ ìlà, tí ara ẹyin ti ń tutù jù, mo ti wáyà bọ̀ ọ́, iná pupa tàn, kò sì kú mọ́. Mo tún fà á. Báyìí ni mo ṣe ń ṣe é, mò ń tì í bọ̀, mò ń fà á yọ, ojú mi ò kúrò lára ìlà pupa, ẹ̀wà jóná lórí iná, títí ọmọ mi fi rí ìpè mi tó sì padà wá. Wọn kò tí ì pe mògáríbì nígbà tó dé.

Ó tan fóònù sí abẹ́ ẹyin. Kò pè mí wò ó lọ́tẹ̀ yìí. Mo dúró lẹ́yìn rẹ̀, mo ń wò ó bó ṣe ń gbé ọ̀kan, tó ń gbé e sílẹ̀, tó ń gbé òmíràn. Ó ya díẹ̀ sí apá kan. Ó ní àwọn wọ̀nyí ṣì ń mì. Àwọn tó kù, ó rọra to wọ́n sí igun kan nínú àpótí.

Lẹ́yìn náà ló gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ lé itan, ó jókòó sílẹ̀, ó ń wá ibi tó ti bàjẹ́. Kò pẹ́ tó fi rí i. Mo rí i lójú rẹ̀ pé ó ti rí i, nítorí ó pa kọ̀ǹpútà náà dé, ó sì tún un ṣí.

Mo ní kó sọ fún mi. Ó ní kò ní yé mi. Mo ní kó sọ ọ́ kó má yé mi.

Ó ní ètò méjì ló wà nínú ẹ̀rọ náà. Ọ̀kan ń wo ooru, èkejì ló di gílóòbù mú. Bí ooru bá tó, èkínní a kàn sí èkejì pé kó pa iná. Kì í fi ẹnu pè é, nọ́ńbà ló fi ń kàn sí i, baálé ló sì ń bá a jẹ́ iṣẹ́ náà. Nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ní ohun tó túmọ̀ sí, ṣùgbọ́n baálé fi díẹ̀ sílẹ̀ lófo fún onílé, kó fi ṣe àmì ohun tó bá wù ú. Lórí ọpọlọ àtijọ́, mẹ́rìndínlógún jẹ́ ọ̀kan nínú èyí tó ṣófo, òun ni ọmọ mi sì mú. Lórí ọpọlọ tuntun, mẹ́wàá ló ṣófo dípò rẹ̀. Mẹ́rìndínlógún tibẹ̀, àmì àìsàn ni. Ètò tó bá gbà á láìmúra sílẹ̀ yóò dùbúlẹ̀, yóò kú. Nítorí náà, nígbà tí ooru tó, èyí tó ń wo ooru ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bó ṣe yẹ, ó kàn sí èkejì pé mẹ́rìndínlógún, èkejì sì kú pẹ̀lú gílóòbù ní títàn lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo ní baálé kan náà ha kọ́ ni?

Ó ní, "Baálé kan náà ni, Màmá. Ọpọlọ tó jókòó lé ló yàtọ̀. Orúkọ àmì yẹn dọ́gba níbi gbogbo, nọ́ńbà rẹ̀ ni kò dọ́gba. Mo kọ orúkọ síbì kan, mo kọ nọ́ńbà síbì kejì."

Ìyáálé mi rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ohun tí ìyá rẹ fi rímù ṣe fún wa nìyẹn."

Òótọ́ ni. Ní oko bàbá mi, rímù ọkọ̀ kan rọ̀ lára igi, bí oúnjẹ bá jinná a lù ú lẹ́ẹ̀mẹta, àwọn tó wà nínú oko a sọ ọkọ́ sílẹ̀, wọn a bọ̀ wá jẹun. Mo dé ilé ọkọ, mo bá rímù lára igi níbẹ̀ náà. Inú mi dùn pé ibi tí mo mọ̀ ni mo wá. Ọjọ́ kìíní tí wọ́n jẹ́ kí n dáná oko, mo ro ọkà, mo se ọbẹ̀, mo lọ lù ú lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n fi ń pe oúnjẹ níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta, iná ti ń jó tàbí ejò ti bu ẹnìkan jẹ. Wọ́n sáré dé pẹ̀lú àdá, bàbá ọkọ mi ló ṣíwájú, ó ti subú sínú poro ebè, orúnkún rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀. Ó bá mi pẹ̀lú ọmọrogùn lọ́wọ́. Mo kúnlẹ̀ títí ẹsẹ̀ mi fi kú.

Nígbà tí ìtìjú náà lọ tán, mo bẹ ọkọ mi kó bá wa sọ fún àwọn àgbà, kí abúlé méjèèjì fi ọ̀kan ṣe, nítorí wọ́n ń fẹ́ ìyàwó láti ọ̀dọ̀ ara wọn. Wọ́n gbọ́ ọ. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ mi dára. Wọ́n ní ṣùgbọ́n ta ni yóò lọ sọ fún àwọn tó wà ní oko iwájú, àti àwọn tó rin ìrìn àjò tí yóò padà dé lọ́dún tó ń bọ̀? Ọjọ́ tí iná bá jó lóòótọ́, wọn a gbé abọ́ wá. Ohun tí wọ́n lè ṣe ni pé nígbà tí ọkọ̀ ọjà bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ọ̀dọ̀ wa, tí kò sẹ́ni tó ní àmì fún un tẹ́lẹ̀, abúlé méjèèjì fẹnu kò sí lílù kan náà.

Mo sọ èyí fún ọmọ mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti gbọ́ nípa rímù rí, ìyáálé mi kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé. N kò sọ ọ́ láti kọ́ ọ. Mo kàn fẹ́ kó mọ̀ pé ó yé mi.

Ó tún ẹ̀rọ náà ṣe lójú ẹsẹ̀, iná pupa ń tàn, ó ń kú. Ó ní òun yóò kọ̀wé sí àwọn àgbà ọ̀wẹ̀ yẹn, kí wọ́n sọ gbogbo nọ́ńbà di ọ̀kan lórí gbogbo ọpọlọ. Ara rẹ̀ gbóná. Mo bi í pé bí wọ́n bá gbà, ṣé àwọn tó dákẹ́ yìí yóò mì. Ó wolẹ̀. Mo ní kó kọ ọ́, kó ṣáà kọ ọ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pé. Mo gbé etí lé pákó náà láti òwúrọ̀. Mẹ́ta péré ló sọ ẹyin lu. Ọ̀kan tiraka láti àárọ̀ dé àlàásàrì, mo fẹ́ bá a ṣí i, mo mọ̀ pé a kì í bá wọn ṣí i, mo ká ọwọ́ mi sí àyà. Ó jáde. Nígbà tí ó dájú pé kò sí èyí tó tún ń bọ̀, mo kó àwọn tó kù lọ sí ààtàn, mo fọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí mo fẹ́ mọ̀. Ọmọ wà nínú wọn, wọ́n ti ní ẹnu, wọ́n ti ní èékánná. Mo wa ilẹ̀ bò wọ́n kí ajá má bàa hú wọn.

Èsì àwọn àgbà ọ̀wẹ̀ dé nígbà tí àwọn ọmọ adìẹ ti ń jẹ ọkà bàbà. Ọmọ mi kà á fún mi, ó ń túmọ̀ rẹ̀. Wọn kò bú u, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti ń retí kí wọ́n bú u kó lè bá wọn jà. Wọ́n ní àánú àwọn ẹyin náà ṣe wọ́n. Wọ́n ní àwọn tó kọ́kọ́ gbé baálé yìí dé orí ọpọlọ àtijọ́ yẹn, ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn ni wọ́n ti ń bọ̀, wọ́n sì kó nọ́ńbà ilé wọn dání kí ẹrù wọn má bàa bàjẹ́ lójú ọ̀nà. Láti ìgbà náà, ètò àìmọye nínú ilé àìmọye ti ń lò ó bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá yí i padà kí ti ọmọ mi lè dọ́gba, gbogbo ìyẹn ni yóò kú, àwọn onílé kò sì ní mọ ohun tó pa wọ́n. Ohun tí ẹnikẹ́ni bá ti gbára lé, àwọn kì í yí i padà mọ́ ọn lábẹ́. Àmì tó bá jẹ́ tuntun láti ìsinsìnyí lọ, àwọn ń ṣọ́ ọ kó jẹ́ nọ́ńbà kan náà níbi gbogbo. Ti àtijọ́ yóò wà bẹ́ẹ̀ títí àwọn ẹ̀rọ náà yóò fi kú fúnra wọn. Kí ó máa kọ orúkọ, kó má kọ nọ́ńbà.

Ọmọ mi ní, "Wọ́n gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́, Màmá. Wọn ò sì ní ṣe é."

Mo ní mo gbọ́. Mo wá ibi tí mo lè ti bá wọn wí nínú rẹ̀, n kò rí i. Ìbá dára kí ẹnìkan ti ṣe àìdáa. Èèyàn a lè bínú sí i, a sì sùn.

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dàgbà. Òpìpì ni wọ́n lóòótọ́, apá wọn kò kún. Mo ń wò wọ́n lórí, mo ń wò wọ́n ní ìrù, mo ń sọ fún ara mi pé kò tí ì hàn, títí ọ̀kan fi gun orí odó ní òwúrọ̀ kan tó na ọrùn, tó fẹ́ kọ, ohùn rẹ̀ há. Kò pẹ́ tí èkejì kọ, tí ẹ̀kẹta kọ. Akọ ni gbogbo wọn. Ìyáálé mi jáde pẹ̀lú kẹ́tùlù àlùwàlá lọ́wọ́, ó wò wọ́n, ó ní, "Ìyàwó, Ọlọ́run fún ọ ní ladani mẹ́ta tí yóò máa pe ìrun. Kò wá sí ìyá tí yóò dáná fún wọn." A jọ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló lọ jókòó ti ògiri, kò sì tíì ṣe àlùwàlá náà.

Mo wá abo òpìpì. Mo wá a ní ọjà Moniya, wọ́n fi àgíríìkì hàn mí, adìẹ pupa ńlá tí kò mọ ohun tí ọmọ ń jẹ́. Mo wá a ní Olódò. Mo wọ ọkọ̀ lọ sí ọ̀nà Ìjàyè, mo dé ilé bàbá mi, àwọn ọmọ àbúrò mi gbà mí dáadáa, wọ́n gbé omi fún mi. Mo ní adìẹ ìyá mi ni mo bá wá. Wọ́n wo ara wọn. Wọ́n ní lúkúlúkú kan náà ló gba ọ̀dọ̀ àwọn kọjá. Wọ́n ní bí àwọn bá gbúròó rẹ̀ níbìkan, àwọn yóò pè mí. Ọ̀rọ̀ tí èmi náà máa ń sọ fún ẹni tí mo mọ̀ pé n kò ní pè nìyẹn.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọmọ mi wá láti Moniya. Ó ti tún gbogbo ètò àpótí náà kọ, kò sí nọ́ńbà kan tó dá dúró nínú rẹ̀ mọ́, orúkọ ni gbogbo rẹ̀. Ó mú oríṣi ọpọlọ mẹ́ta dání, ó ń yọ ọ̀kan, ó ń fi òmíràn sí i, ó ní kí n máa wò ó. Mo gbé àpótí ìjókòó sún mọ́ ọn. Iná pupa tàn. Ooru dé orí ìlà, iná kú. Ó tutù díẹ̀, iná tàn. Lórí ọpọlọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, bákan náà ni. Mo ní ó dára. Mo sì rí i pé ó fẹ́ kí n sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, mo tún sọ ọ́ pé ó dára.

A jókòó síbẹ̀, èmi àti òun, a ń wo inú dígí. Abọ́ omi wà níbẹ̀. Ìyàngbò tuntun tí mo tẹ́ síbẹ̀ fúnra mi wà níbẹ̀. Ohun tí a ó gbé lé e ni kò sí.